Kọ̀ǹpútà Tí Kì í Pariwo

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ara Gbọ́-ọ-ná kò ti balẹ̀ mọ́. Bó bá jókòó, a dìde; bó bá dìde, a tún máa wá ibi tí yóò jókòó sí, bí adìẹ tó fẹ́ yé tí kò rí kọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ó tú ẹ̀yìn fíríìjì nọ́ọ̀sì kan, ó tún un ṣe, ó dè é pa, ó sì wá rí i pé skúrù mẹ́ta ṣẹ́ kù sí àtẹ́lẹwọ́ òun. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti ń tún fíríìjì ṣe, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí. Ó tún ẹ̀yìn fíríìjì náà tú, ó ń bú ara rẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

Gbọ́-ọ-ná kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló fún un. Bí wọ́n bá gbé fíríìjì dé, tí wọ́n ń rò fún un pé kò tutù, pé ó ń jò, pé iná inú rẹ̀ ń ṣẹ́jú, kò ní dá wọn lóhùn. Yóò na ọwọ́ dá wọn dúró, yóò ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ ná," yóò sì fi etí lé ẹ̀gbẹ́ fíríìjì náà bíi dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Nínú iṣẹ́ tirẹ̀, ẹ̀rọ tó bá ń kùn, ó ní ohun tó ń ṣe é. Èyí tí ara rẹ̀ dá, jẹ́ẹ́ ló ń jókòó. Etí yẹn ló fi ń jẹun láti ọjọ́ yìí wá, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò sí ẹ̀rọ kan láyé tí òun kò lè fi etí mọ ìdí rẹ̀. Àgbà gbogbo ló ní ibi tí ìgbéraga rẹ̀ fara pamọ́ sí. Ti ọkùnrin yìí, inú etí ló wà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe fíríìjì ló dà á láàmú lọ́sẹ̀ yẹn. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọdún kẹfà rèé tí òun àti ìyá ọmọ náà ti pínyà, tí òun kó jáde nílé, tí ìyá sì ti mú ọmọ lọ sí ìlú mìíràn tí iṣẹ́ gbé e lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ a máa sunkún lórí fóònù. Lẹ́yìn náà, kò sunkún mọ́, ó kàn ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, gbogbo ọ̀rọ̀ wá di "ẹ kú iṣẹ́ sà, mo wà dáadáa sà, màmá náà wà dáadáa sà." Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, fóònù kò sì lójú. Adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bàbá a máa pè ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ọmọ a máa gbé e, wọn a sì jọ dákẹ́ sí ara wọn létí títí ẹnìkan yóò fi sọ pé ó dàárọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tí à ń wí yìí, ọmọ sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń gbé inú ọgbà. Kò sí fóònù níbẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà, ó di ìparí ọdún. Bàbá bi í bóyá wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀ dáadáa kó tó lọ. Ọmọ ní:

"Bàbá, èmi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ lórí fóònù. Inú gémù ni mo ti máa ń sọ̀rọ̀. Ní Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìgbà tí mo máa wọlé kẹ́yìn nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ wá bá mi níbẹ̀."

Ó sọ orúkọ gémù náà fún un, ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́. Ayé kan ni, tí àwọn èèyàn ti ń kọ́lé, tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ń gun òkè, tí wọ́n sì ń gbọ́ ohùn ara wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọmọ ti kìlọ̀ pé fóònù kò lè gbé e, kọ̀ǹpútà tó bá lágbára díẹ̀ ló lè gbé e. Bàbá ní kò burú. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí òun kò bá sí níbẹ̀ láago mẹ́rin ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọmọ náà kò tilẹ̀ ní bínú. Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn. Yóò kàn lọ ni, kò sì ní retí nǹkankan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Gbọ́-ọ-ná kò tíì ní kọ̀ǹpútà rí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ohun tí kì í ṣe, ó sì forí lé òpópónà tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju èyí tí èèyàn lè fi ra fíríìjì àlòkù méjì lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù kìíní, wọ́n bi í pé gémù wo. Ó sọ ọ́. Wọ́n nàka sí àpótí dúdú kan tí iná pupa, iná búlúù àti iná aláwọ̀ ewé ń sáré yí inú rẹ̀ ká. Ó béèrè iye rẹ̀, wọ́n sọ ọ́, ó ní ẹ ṣeun, ó sì jáde láì bojú wẹ̀yìn. Ní ṣọ́ọ̀bù kejì, wọ́n fi kọ̀ǹpútà alágbèéká kan hàn án tó fẹ́lẹ́ bí ìwé. Ó bi wọ́n pé ibo ni ooru inú rẹ̀ ń gbà jáde, wọ́n ní kó má ṣèyọnu, ilé iṣẹ́ tó ṣe é mọ̀. Ó dé ṣọ́ọ̀bù kẹta, ó dé ìkẹrin. Wọ́n fún un ní àga, ó dúró. Wọ́n fún un ní omi, ó mu ún lórí ìdúró, ó ti ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ṣọ́ọ̀bù karùn-ún ló ti pàdé òǹtajà kan tó ní sùúrù, ọkùnrin kúkúrú kan tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó gbé kọ̀ǹpútà méjì jáde, àlòkù ni méjèèjì, iye wọn ò jìnnà síra, ó sì ní òun yóò fi ojú kọ̀ǹpútà, kíbọ́ọ̀dù, máòsì àti íápíìsì kún èyíkéyìí tó bá mú. Ọ̀kan tóbi, ikùn rẹ̀ ṣe gbàgàdà, eruku ọ́fíìsì tí wọ́n ti kó o kúrò ṣì wà lára rẹ̀. Èkejì mọ́ tónítóní, kò ju páálí bàtà lọ. Òǹtajà tan àwọn méjèèjì. Ni Gbọ́-ọ-ná bá kúnlẹ̀ láàárín àwọn oníbàárà, ó fi etí ọ̀tún lé èyí tó tóbi. Fáànù inú rẹ̀ ń fẹ́ fùù. Ó fi etí lé èyí tó kéré, kò gbọ́ nǹkankan. Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì, jẹ́ẹ́ náà ló wà.

Òǹtajà yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn. Ó là á yé e pé èyí tó kéré yìí, iṣẹ́ ìwé ni wọ́n ṣe é fún, pé bó bá jẹ́ ti gémù ni, èyí tó tóbi ló ní àyè tí wọ́n lè fi nǹkan kún. Gbọ́-ọ-ná rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń rín sí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ní èyí tó tóbi ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò ní pẹ́ kú, kí wọ́n bá òun di kékeré. Òǹtajà wò ó, ó wo ọ̀rá tó ti wọ inú èékánná rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀, sà." Bẹ́ẹ̀ náà là ń sọ fún ẹni tó bá ti mọ̀ tán.

Odidi Ọjọ́rú ni gémù náà fi ń wọlé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Yàrá tí Gbọ́-ọ-ná ń gbé kò ju ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ. Ìgbà mẹ́fà ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ wo ìlà kékeré tó ń rá kòrò lójú kọ̀ǹpútà. Ní ìgbà kẹrin, ó gbàgbé ẹ̀mú sórí tábìlì ibẹ̀, ó sì fi ìdajì wákàtí wá a ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, gémù ti wọlé pé. Ó tẹ̀ ẹ́. Àwòrán òkè kan jáde, ó dúró. Òkè náà sún díẹ̀, ó tún dúró, àfi bí ẹni tí òsúkè ń ṣe. Ọkùnrin inú gémù tó yẹ kó jẹ́ Gbọ́-ọ-ná gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́. Gbọ́-ọ-ná fúnra rẹ̀ fi etí lé kọ̀ǹpútà. Jẹ́ẹ́ ló wà, kò kùn, kò gbóná jù, kò ní àmì àìsàn kankan. Inú wá bí i sí ìdákẹ́ yẹn.

Ó yọ wáyà, ó gbé e há abíyá, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí òpópónà àwọn oníkọ̀ǹpútà nítorí kò lè dúró de ọkọ̀. Òǹtajà kò fi í ṣẹ̀sín. Ó ní òun lè gbà á padà bí ó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, yóò kàn fi díẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ bá obìnrin tó ń bá àwọn tún ẹ̀rọ ṣe, kí wọ́n má baà tún ṣi ọ̀nà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Gbọ́-ọ-ná gun òkè lọ.

Obìnrin náà kò tíì pé ogójì ọdún, Ìyá Ẹ̀rọ ni gbogbo òpópónà ń pè é. Yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ kò fẹ̀ ju ilé ìwẹ̀ lọ: tábìlì kan, iná kan tí ọrùn rẹ̀ ṣeé tẹ̀, àti skúrù bí ọ̀kẹ́ àìmọye nínú àwọn agolo mílíìkì. Ó ní kí bàbá jókòó. Bàbá ò jókòó. Ó bi í pé kí ló rí tó fi mú kékeré. Bàbá ní nítorí pé kì í pariwo ni. Ìyá Ẹ̀rọ rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó wá rí ojú bàbá, ó sì dẹ́kun.

"Bàbá, mo mọ̀ pé nídìí iṣẹ́ tiyín, ariwo ni àìsàn," ó ní. "Níbí, ẹni tó bá ru ẹrù ló ń mí. Eléyìí ò mí torí pé kò ru nǹkankan."

 Ọ̀rọ̀ náà wọ Gbọ́-ọ-ná lára, nítorí pé òdodo ni, òdodo iṣẹ́ sì ni òun kì í lè bá jà. Ìyá Ẹ̀rọ tú àpótí kékeré náà níwájú rẹ̀, ó fi hàn án pé kò ní káàdì àwòrán tirẹ̀, èyí tó máa ń ya gbogbo òkè àti odò inú gémù ní àyàtúnyà, ọgọ́ta ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọpọlọ kan náà tó ń ronú ló tún ń yàwòrán, kò sì sí àyè tí wọ́n lè ki káàdì bọ̀. Ti alábọ́dé owó, ó ní, kò ju pé kí èèyàn ra irú gbàgàdà ọ́fíìsì tó wà nísàlẹ̀ yẹn, kó ki káàdì àlòkù bọ̀ ọ́, kó sọ mẹ́mọ́rì rẹ̀ di ìlọ́po méjì, kó sì yọ díìsì àtijọ́ kúrò, kó fi èyí tó yá sí i. Kò ní rẹwà bí ti àwọn ọlọ́lá, àmọ́ kò ní ṣe òsúkè. Ó ní kó má fi owó ra àwọn iná aláràbarà yẹn láéláé, iná kì í gbé gémù.

Bàbá bi í bóyá yóò ti ṣetán kó tó di Àbámẹ́ta. Obìnrin náà ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Bàbá rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó tún bi í. Nígbà tó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, Ìyá Ẹ̀rọ gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí ló wà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ni bàbá bá sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀, àwọn ohun tí kò sọ fún ẹ̀gbọ́n, tí kò sọ fún ọ̀rẹ́. Obìnrin náà kò sọ pé ó mà ṣe o, kò sọ pé Ọlọ́run á ṣe é. Ó kàn gbé kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn kúrò lórí tábìlì, ó sì ní kí wọ́n gbé gbàgàdà wá láti ìsàlẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, gbàgàdà ti ní káàdì, ó ti ní mẹ́mọ́rì, ó sì gbé gémù náà jáde bí ẹni ń fi omi wẹ ojú. Òkè dúró bí òkè, odò ń ṣàn. Gbọ́-ọ-ná fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó. Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún, kọ̀ǹpútà náà kú pátápátá. Wọ́n tan án, ó tún kú. Ìyá Ẹ̀rọ ní ó ní láti jẹ́ pé káàdì náà ló níṣòro, bẹ́ẹ̀ irú rẹ̀ kò sí ní gbogbo òpópónà títí di ọjọ́ Ajé. Gbọ́-ọ-ná ń rìn láàárín yàrá tí kò gba ìrìn, ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹsẹ̀ mẹ́ta bọ̀. Ó ń rò ó pé ọjọ́ Ajé, ọmọ òun yóò ti wà nínú ọgbà tí kò sí fóònù. 

Ó ní kí wọ́n tan án lẹ́ẹ̀kan sí i, kí òun gbọ́ ọ ná. Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó tan án. Bàbá kúnlẹ̀. Fáànù ń fẹ́, ó ń fẹ́, ó wá rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ tí ẹlòmíràn kò lè gbọ́, kọ̀ǹpútà sì kú. Gbọ́-ọ-ná mọ ohùn yẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fíríìjì ṣe máa ń ṣe bí iná tó ń wọ ilé kò bá tó. Ó yọ míta tó fi ń wọn iná lápò, ó fi ẹnu rẹ̀ kan wáyà tó ń bọ́ káàdì náà. Ibi tó yẹ kó ka méjìlá, bí gémù ṣe ń le sí i, ó já sí mẹ́wàá. Káàdì kò ṣàìsàn, ebi iná ló ń pa á. Àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà ti darúgbó jù fún ẹrù tuntun yìí, àpótí iná tó lágbára jù ú lọ sì kún ìsàlẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko, ó ń fẹ́ fùù. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ìyá Ẹ̀rọ kò gba owó iṣẹ́ wákàtí tó kẹ́yìn yẹn, ó ní bàbá ló ṣe é.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, láago mẹ́ta ààbọ̀, gbogbo wáyà ti wà láyè wọn lórí tábìlì Gbọ́-ọ-ná. Ó wẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù tó mọ́, àfi bí ẹni tí wọn yóò rí. Láago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tẹ gémù náà, gémù sì ní òun ní àtúnṣe tuntun kan tí òun gbọ́dọ̀ gbà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì kí òun tó ṣí. Aago mẹ́rin lù. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó jáde lọ síta, ó wọlé, ó tún jáde. Ó pe fóònù ọmọ, kò wọlé. Ó ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun tún ti pẹ́, pé bí òun ṣe máa ń ṣe nìyí. Nígbà tí ayé inú gémù ṣí, ó ti lé ní ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n.

"Bàbá?"

Inú íápíìsì ni ohùn náà ti wá, ó sún mọ́ ọn ju ti fóònù lọ. Ó ṣì wà níbẹ̀. Gbọ́-ọ-ná fẹ́ rìn lọ bá a, ó tẹ ohun tí kò yẹ, ó sì kó sínú odò. Ọmọ ní kó máa tẹ bọ́tìnì tó gùn yẹn. Ó jáde nínú omi, ó ń wo ojú ọ̀run, kò mọ bí wọ́n ṣe ń wo ilẹ̀. Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí eyín iwájú ọmọ náà ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ tún kó sínú omi lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọbìnrin kan tó wọ ṣòkòtò aláwọ̀ òféfèé, tó jẹ́ ọmọ rẹ̀ nínú gémù, dúró létí odò, ó ní kó tẹ̀lé òun.

Wọ́n gun òkè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ọmọ ń sọ nípa ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lọ, pé ẹ̀rù ń ba òun, pé òun kò sọ fún màmá. Bàbá ń gbọ́. Lẹ́yìn òkè kejì, ilé kan yọ. Gbọ́-ọ-ná gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì. Ó mọ ilé náà. Ó mọ fèrèsé méjì tí wọn kò ṣe dọ́gba, ó mọ táǹkì omi tó fì sápá òsì, ó mọ ìbòòji ẹ̀gbẹ́ ilé tí fíríìjì funfun mẹ́ta tò sí. Ilé tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gbé ni. Ó rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí i ká.

"Ìyá mi, ẹnu ọ̀nà ńkọ́?"

"Kò sí."

"Ṣé o gbàgbé rẹ̀ ni?"

 Ọmọbìnrin aláṣọ òféfèé náà kọjú sí ògiri.

"Mi ò gbàgbé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo kọ́ ọ. Ibẹ̀ lẹ gbà jáde. Mo rò pé tí mi ò bá ṣe é sí i, kò sẹ́ni tó máa lọ."

Omi bọ́ lójú Gbọ́-ọ-ná, kò sì nù ún. Ọdún mẹ́fà ló ti ń to àwíjàre jọ de ọjọ́ tí ọmọ yìí yóò bi í léèrè, kò rí ẹyọ kan sọ nínú wọn.

"Mo ṣẹ̀ ọ́," ó ní. "Mo ṣẹ̀ ọ́ gan-an, ọmọ mi."

Ó gbọ́ tí ọmọ náà fa imú.

"Ẹ tẹ máòsì lápá òsì, Bàbá. Ẹ dì í mú, ẹ má fi sílẹ̀. Ògiri yẹn á fọ́."

"Kò ní ba ilé rẹ jẹ́?"

"Ẹ fọ́ ọ."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó dì í mú. Búlọ́ọ̀kù kan bọ́, ó tẹ èkejì, ìyẹn náà bọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọmọ ń dúró tì í, títí àyè náà fi tó ẹni tó fẹ́ wọlé.